Ọdún kẹta rèé tí mo ti wà lórí ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ tiyín parí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Àrẹ̀mú_Ìkirè · Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Tísà ni mí ní Ìkirè, Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọdún 2022 ni mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ kan. Ó dá lórí obìnrin kan tó ń ta dòdò Ìkirè fún àwọn èrò ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá tírélà kan lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà wálé mọ́. Mo mọ ibi tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, mo mọ ibi tó máa gúnlẹ̀ sí. Síbẹ̀, orí mẹ́rin péré ló wà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Bí mo bá ti jókòó láti kọ̀wé, orí kìn-ín-ní ni mo máa ń padà sí. Mo ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mọkànlá. Bí iná bá dé lálẹ́, ìwé àwọn ọmọ ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máàkì. Kí n tó ṣe tán, iná ti lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi bàjẹ́ nínú oṣù Kẹta, ó sì gbé orí karùn-ún tí mo ti kọ dé ìdajì lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, pé ibẹ̀ ni owó wà. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin inú ìtàn mi yadi. Gbogbo ohun tó máa ń sọ fún àwọn dẹ́rẹ́bà, gbogbo èébú, gbogbo ìkíni, àdúrà tó ń gbà lábẹ́nu nígbà tó bá ń ka ṣéńjì, kò sí èyí tó bá a dé inú Gẹ̀ẹ́sì náà. Mo dá a padà sí Yorùbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti parí ìwé: kí ni ẹ ń ṣe lójoojúmọ́? Aago mélòó lẹ ń jókòó? Ọ̀rọ̀ mélòó lẹ ń kọ? Mo ti gbọ́ "má rẹ̀wẹ̀sì" tó. Ohun tí mo lè ṣe láàárọ̀ ọ̀la ni mò ń wá.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo · Ọjọ́ Ajé, 5:52 àárọ̀

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo bí ìbejì, mo sì ti kọ ìtàn àròsọ méjì parí. Ọdún tó kọjá ni èkejì jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tòní tán ni, bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é gan-an.

Aago márùn-ún ìdájí ni tèmi, kí àwọn ọmọ tó jí. Ìwé nóòtù elẹ́yìn líle àti bírò ni, kì í ṣe fóònù, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. NEPA kò lè mú bírò lọ. 300 ọ̀rọ̀ ni mò ń kọ, ó tó ojú ìwé kan àtààbọ̀ pẹ̀lú bí ọwọ́ mi ṣe tóbi. N kì í kọjá 400 kódà bí ó bá ń tú jáde bí omi, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí mo bá kọ 1,500, ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e n kì í lè kọ nǹkan kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 300 lọ́nà márùn-ún lọ́sẹ̀, 1,500 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 40, ó di 60,000. Odidi ìwé ni. Ọ̀sẹ̀ 12 ṣì kù nínú ọdún fún àìsàn, ọdún iléyá, ìsìnkú àti ìgbéyàwó.

Ìdí tí mo fi fi í sí 300 ni pé ó kéré débi pé n kò lè rí àwáwí kankan ṣe. Bí mo ti iṣẹ́ alẹ́ dé tí ojú mi ń ṣú, mo lè kọ 300.

Ti orí kìn-ín-ní yẹn, èmi náà ṣe é rí. Ohun tó gbà mí ni pé mo fi kílíìpù mú àwọn ojú ìwé tí mo ti kọ pọ̀ kí ojú mi má baà bọ́ sí wọn. Mo wá ya ojú ìwé mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú nóòtù náà sọ́tọ̀, mo kọ "Àtúnṣe" sí i lókè. Bí nǹkan kan bá sọ sí mi lọ́kàn nípa ohun tí mo ti kọ kọjá, ibẹ̀ ni mò ń kọ ọ́ sí, ìlà kan péré, mo sì ń bá iwájú lọ. Nínú ìwé mi àkọ́kọ́, Ṣítù ni ọkọ obìnrin náà ń jẹ́ títí dé orí kẹfà. Nígbà tí mo dé orí keje, mo rí i pé Lámídì ló yẹ ẹ́. N kò padà. Mo kọ "Ṣítù di Lámídì" sẹ́yìn nóòtù, ó sì ń jẹ́ Lámídì lọ títí ìtàn fi parí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ṣoṣo ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Òmíràn: n kì í dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí. Àárín gbólóhùn ni mò ń dúró sí, níbi tí mo ti mọ ohun tó kàn. Bí mo bá jí lọ́jọ́ kejì, màá parí gbólóhùn yẹn, ọwọ́ mi á sì ti gbóná.

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ti orí karùn-ún tó lọ. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń fi fóònù ya àwòrán ohun tí mo kọ lọ́sẹ̀ náà, tí mò ń fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Baba_Atẹ̀wé · Ọjọ́ Ajé, 11:20 àárọ̀

Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́: ta ló ń dúró de ìtàn rẹ? Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ohun tó ń dá ọ padà sí orí kìn-ín-ní nìyẹn. Ìwọ nìkan lò ń kọ ọ́, ìwọ nìkan náà lò ń kà á.

Wo Isaac B. Thomas. Òun ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, òun náà ni olóòtú rẹ̀. Ní 1929, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú rẹ̀, bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ayé tó ti jẹ. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn ni lóòótọ́. Lẹ́tà yìí ń jáde títí wọ 1930, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì kó o pọ̀ di ìwé. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kò ní ààyè láti tún lẹ́tà kìn-ín-ní kọ lẹ́ẹ̀mọkànlá. Lẹ́tà kìn-ín-ní ti wà lọ́wọ́ àwọn tó fowó rà á. Èyí tó kàn ni wọ́n ń bi í.

Má sì rò pé iṣẹ́ tísà ló ń dí ọ lọ́wọ́. Tísà ni Fágúnwà ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni Amos Tutùọlá ní Èkó nígbà tó kọ ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1952. Àkókò tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ ló fi ń kọ̀wé.

Nítorí náà, kó èèyàn ogún jọ sórí WhatsApp. Mú ọjọ́ kan, bí i Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́. Máa fi nǹkan bí 1,000 ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Má mú àwọn tí yóò kàn máa kọ "ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ" nìkan. Mú dẹ́rẹ́bà kan, mú ìyá ọlọ́jà kan, mú tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, mú ẹni tí yóò bi ọ́ pé, "Ṣebí bàbá yẹn ti kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, báwo ló ṣe tún ń jẹ iyán lónìí?"

Àkànní_Akéwì · Ọjọ́ Ajé, 2:05 ọ̀sán

Baba, mo dọ̀bálẹ̀ o. N kò bá yín jiyàn lórí Akéde Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí kò jẹ́ kí n lè gba arákùnrin yìí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ní 2021, mò ń gbé ìtàn kan sórí Facebook lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gidi gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí Àjàní fẹ́ Àṣàkẹ́. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bú mi, wọ́n tún bẹ̀ mí. Ní orí kẹsàn-án mo so wọ́n pọ̀. Bí mo ṣe so wọ́n pọ̀ tán ni ìtàn náà kú, nítorí ìbínú tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni gbogbo ìtàn náà dúró lé. N kò rí ọ̀nà parí rẹ̀ títí di òní.

Èkejì dùn mí jù ú lọ. Àbúrò mi obìnrin ní Abẹ́òkúta fi ìtàn kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n gbọ́ ọ, pé ó dára. Ìtàn mi ni. Ẹnì kan ti yọ orúkọ mi kúrò, ó ti fi ohùn ara rẹ̀ kà á sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gbóríyìn fún un. Mo jókòó sórí ibùsùn, n kò lè sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, ojú ẹnikẹ́ni kì í kan iṣẹ́ mi kí n tó parí rẹ̀. Bí mo bá parí rẹ̀, màá gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà màá gbé e jáde, màá kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá wá fún èèyàn mẹ́ta péré. Ó ń falẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn mi ló ń jẹ́.

Baba_Atẹ̀wé · Ọjọ́ Ajé, 3:30 ọ̀sán

Àkànní, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ohun burúkú ni wọ́n ṣe sí ọ, o sì jàre.

Ohun tí mò ń sọ yàtọ̀ sí gbangba Facebook. Ogún èèyàn tó mọ ara wọn ni mo wí. Kí Àrẹ̀mú má sì bẹ̀rẹ̀ láìní ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílẹ̀. Bí ó bá ń fi ti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ránṣẹ́, ti ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni kí ó máa kọ. Bí wọ́n bá ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọ yẹn padà wálé, ohun tí wọn yóò kà fún oṣù kan ti wà nínú àpótí, ẹ̀bẹ̀ wọn kò lè bà á. Kí ó sì kọ òpin ìtàn náà sórí bébà kan nísinsìnyí, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ti olè: lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, iṣẹ́ ti di tìrẹ láti ìgbà tí o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ náà sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Kò dìgbà tí o bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni yóò gbà ọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́. Nóòtù Ìyá Ìbejì tó ní déètì àti ímeèlì ọjọ́ Ẹtì yẹn, ẹ̀rí ni.

Ọmọ_Èkìtì_Peckham · Ọjọ́ Ajé, 10:48 alẹ́

Mo kí gbogbo ilé láti London. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ní. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni látàárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá délé tí mo fẹ́ kọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì á ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Mo ka ohun tí mo kọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì bà mí nínú jẹ́. Mo kọ ọ́ pé obìnrin kan "ní àkókò dáadáa níbi ìgbéyàwó náà". Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa? Ó gbádùn ìgbéyàwó náà ni! Mo kọ pé "ìdáhùn rẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́". Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tán.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí: n kì í fi ọwọ́ kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ mọ́. Ìṣẹ́jú 25 ni bọ́ọ̀sì mi ń gbà dé ibi iṣẹ́. Mo ń gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, mo sì ń sọ ìtàn náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fóònù ń gbà á sílẹ̀. Lálẹ́, màá gbọ́ ọ, màá wá kọ ọ́. Ẹnu mi mọ Yorùbá ju ọwọ́ mi lọ.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń pe ìyá mi ní Ìkẹ́rẹ́. Mo ní ìwé kékeré kan tó jẹ́ ti òwe nìkan. Kì í ṣe òwe nìkan ni mò ń kọ sínú rẹ̀: mò ń kọ ẹni tó pa á, ẹni tó pa á fún, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ tó fi pa á. N kò fi òwe kankan sínú ìtàn bí n kò bá tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan rí. Òwe tí a ṣà láti inú ìwé òwe máa ń dà bí aṣọ tí wọ́n yá wọ̀. Òǹkàwé á mọ̀.

Àmì_Ohùn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n to ìwé Yorùbá kí ó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Mo bẹ gbogbo yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ máa fi àmì sí i. Ìwé yóò dé ọwọ́ mi pẹ̀lú 70,000 ọ̀rọ̀ tí kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo rí "igba". Ṣé 200 ni? Ṣé igbá ẹmu ni? Ṣé ìgbà ni, àbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, àbí ìgbá tí a ń jẹ? Nígbà mìíràn gbólóhùn á sọ ọ́. Nígbà mìíràn mo ní láti pe òǹkọ̀wé lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ á sì ti gbàgbé.

Lórí fóònù, ẹ lọ sínú Gboard, kíbọọ̀dù ti Google, ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀. Ó ní ẹ, ọ, ṣ àti àwọn àmì. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá kíbọọ̀dù Yorùbá fi sí i. Ọ̀sẹ̀ kan ni ìka yín yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé. Nínú kọ̀ǹpútà, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ "ẹ́". Nǹkan méjì ló so pọ̀: ẹ, àti àmì òkè. Fọ́ǹtì tí kò bá dára á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Mo ti rí ìwé tí wọ́n tẹ̀ 500 ẹ̀dà rẹ̀ tí àpótí kún inú rẹ̀, owó olówó sì ti lọ. Charis SIL, Gentium àti Noto máa ń gbé àmì Yorùbá dáadáa. Ẹ fúnra yín sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan péré kí ẹ fi ojú rí i.

Ẹ yan ọ̀nà kan fún àmì abẹ́, kí ẹ má kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi tóótó sábẹ́ ọ ní orí kìn-ín-ní, tí ẹ wá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ ní orí kẹta, bí ẹ bá ń wá orúkọ kan láti tún un ṣe, kọ̀ǹpútà á rí ìdajì, á fi ìdajì sílẹ̀.

Ìgbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ náà ni kí ẹ fi àmì sí i, ẹ má fi í di ọjọ́ mìíràn.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Mo dúpẹ́ fún ti fọ́ǹtì yẹn, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti pé ojú ẹsẹ̀ ni kí á máa fi àmì sí i, n kò gbà. Ìdájí ni mò ń kọ tèmi. Bí mo bá ní kí n máa ro dò-rè-mí orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìtàn á sá lọ. Àmì abẹ́ nìkan ni mò ń fi sí i nínú nóòtù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni mo ń fi àmì òkè sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni mò ń gbọ́ gbólóhùn náà, nítorí n kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láìpè é. Gbólóhùn tó bá há mi lẹ́nu, ibẹ̀ ni mo ti ń tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ méjì ṣe di ọ̀kan.

Adùnní_Alágbọ̀n · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:33 alẹ́

N kì í ṣe òǹkọ̀wé, òǹkàwé ni mí. Ìyá ìyá mi ta dòdò Ìkirè. Bọ̀dá Àrẹ̀mú, ẹ ti jókòó ti àwọn tó ń tà á rí? Mo bi yín pẹ̀lú ìfẹ́. Ìwé tí mo kà kẹ́yìn tó ní olóńjẹ nínú, òǹkọ̀wé kàn ní "ó ń din dòdò", ó sì kọjá lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rá ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè, èyí tí ẹlòmíràn ti fẹ́ sọ nù. Wọ́n á gún un, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, epo pupa ni wọ́n fi ń din ín títí á fi dúdú. Ọwọ́ màmá mi àgbà kì í ṣí kúrò ní àwọ̀ epo, kódà lọ́jọ́ tó wọ léèsì lọ sóde. Ewé ni wọ́n ń fi wé e nígbà tiwọn.

Ẹ lọ jókòó tì wọ́n ní àárọ̀ méjì, ẹ ra tiwọn, ẹ má yọ fóònù. Bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà, bí wọ́n ṣe ń bínú sí ara wọn nítorí ọkọ̀ tó dúró, ẹ kò lè rí ìyẹn nínú yàrá yín.

Àrẹ̀mú_Ìkirè · Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo jí ní aago márùn-ún. 212 ni mo kọ, kò pé 300, ṣùgbọ́n orí karùn-ún ni, kì í ṣe orí kìn-ín-ní. Mo ti kọ òpin ìtàn sórí bébà, ó wà lára ògiri.

Adùnní, ẹ gbá mi mú. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, n kò jókòó tì wọ́n rí. Àbámẹ́ta yìí ni mò ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan tó mọ̀ nípa títẹ̀ àti títà kò tíì sọ̀rọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ta ìwé Yorùbá?

Onítẹ̀wé_Ṣómólú · Ọjọ́rú, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ìwé tí kò tíì tó ìdajì ni, ẹ má jẹ́ kí títà gba ọkàn yín jù. Ohun díẹ̀ nìyí kí ẹ fi sí àpò.

Ẹ má tẹ 2,000 nítorí pé wọ́n ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á din owó. Òótọ́ ni, á din owó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín ni 1,700 máa dúró sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 200 lórí ẹ̀rọ dígítà. Ẹ rí ẹ̀dà kan, ẹ ṣí i, ẹ fà á, ẹ wò ó bóyá ojú ìwé ń bọ́, kí ẹ tó san owó tó kù. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gba ISBN, nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀; òfin sì ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde kó ẹ̀dà 3 fún wọn.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa san fún yín, àti nínú kí ni? Iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé yàtọ̀ sí iye tó wọ àpò wọn. Ta ló ni ẹ̀tọ́ láti fi ohùn kà á, láti túmọ̀ rẹ̀, láti fi ṣe fíìmù? Ẹ má fi ti fíìmù sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974, 1997 ni Túndé Kèlání gbé e jáde ní fíìmù. Ọdún mẹ́tàlélógún nìyẹn.

Ẹ sì má gbé gbogbo ìwé yín sórí ìkànnì kan ṣoṣo. Nígbà tí OkadaBooks, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ìwé, kógbá wọlé ní 2023, ẹni tó ní fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ tó sì mọ nọ́ḿbà àwọn òǹkàwé rẹ̀ kàn kó lọ síbòmíràn ni. Ogún èèyàn tí Baba ní kí ẹ kó jọ yẹn, àwọn ni oníbàárà yín àkọ́kọ́. Bí àwọn olùkọ́ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ yín bá fẹ́ràn rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wọn lè rà á.

Àkànní_Akéwì · Ọjọ́rú, 9:02 alẹ́

Ẹ tún lè fi ìtàn kúkúrú ránṣẹ́ sí Àtẹ́lẹwọ́, Yorùbá ni wọ́n ń gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi rò pé ó dára kí èèyàn parí nǹkan kékeré bí mẹ́rin, márùn-ún, kí ara rẹ̀ mọ bí ìparí ṣe ń rí. Ìtàn gígùn nìkan ni mò ń bá jà tẹ́lẹ̀, n kò sì parí ohunkóhun nígbà náà.

Àrẹ̀mú_Ìkirè · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá

Ẹ̀yin ará ilé, mo ní kí n wá jábọ̀.

N kò lè ṣe 300. 200 ni mo dúró lé, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, 5:10 sí 5:50. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò àwọn ọmọ, n kò kọ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ̀rù sì bà mí pé ó ti parí nìyẹn. Gbólóhùn tí mo fi sílẹ̀ láìparí ló gbà mí. "Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní" ni mo dúró sí. Mo kà á, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Mo lọ jókòó tì àwọn olóńjẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin. Màmá kan níbẹ̀, mo sọ fún un pé ìwé ni mò ń kọ. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ̀yìn ló ń dùn wá, kì í ṣe ọwọ́." Mo ti kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Èèyàn 17 ló wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa. Orí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni mo kó pamọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àkànní, ohun tí ẹ sọ ṣẹlẹ̀: ìyá ọlọ́jà kan ń bẹ̀ mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kí n dá ọmọ náà padà. Mo máa ń wo bébà ara ògiri, n kì í dá a lóhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, dẹ́rẹ́bà tó wà láàárín wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ní orí kìn-ín-ní, mo ní kí ọmọ náà jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà tírélà. Ó ní rárá, pé mọ́tò bọ́ì tó ti pẹ́ ló ń jókòó níbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yìn lórí ẹrù ni wọ́n ń jẹ́ kó wà, ó sì ń rí gbogbo ilé àti gbogbo èèyàn bí wọ́n ṣe ń kéré sí i lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà rí ìyá rẹ̀ títí dé ìyànà. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ sí ojú ìwé "Àtúnṣe", ìlà kan péré: "Orí 1: ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà, ó rí i." Orí kẹjọ ni mò ń kọ lọ́wọ́.